Richard Hamming: Onímọ̀ Ìṣirò tí Ó Kọ́ Ẹ̀rọ Bí A Ṣe Ń Wá Ibi tí Àṣìṣe Wà

Ìfáárà

Lára àìsàn tí ó máa ń ṣe ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá orí tábìlì, èyí tí ó jẹ mọ́ ìrántí rẹ̀ wà nínú àwọn tí orísun wọn ṣòro jù láti mọ̀. Ẹ̀rọ náà lè kọ̀ láti tàn rárá. Ó lè tàn kí ó máa ké pí-pí-pí láì gbé ohunkóhun sí ojú rẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún wákàtí kan kí ó sì kú lójijì, tàbí kí ó kéde pé ìdajì RAM tí wọ́n fi sí inú òun ni òun rí. Ẹni tí ó ń lò ó ti mọ̀ pé àbùkù wà. Ohun tí ó kù tí kò mọ̀ ni ibi tí àbùkù náà fìdí sí: bóyá RAM fúnra rẹ̀ ni ó bàjẹ́, bóyá ojú ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ ni, tàbí ohun mìíràn tí ó fara sin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ra RAM tuntun nígbà tí ojú ihò ni ó ní àrùn. Àwọn àgbà sì ti ṣe é léèwọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ìbéèrè yìí ṣe iṣẹ́ ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀: bí ẹ̀rọ bá lè mọ̀ pé òun ti ṣàṣìṣe, kí ni ó dé tí kò lè mọ ibi tí àṣìṣe náà wà? Richard Wesley Hamming ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìdáhùn tí ó rí ni ó wà nínú ìrántí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí àwọn ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìwádìí ń lò títí di òní. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, bí ọgbọ́n náà ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ó kọ́ ẹni tí ó ń wá àbùkù ojú ihò RAM ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ìlú Chicago ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Hamming ní ọjọ́ 11, oṣù Èrèlé, ọdún 1915. Ìgbà tí ó yẹ kí ó wọ yunifásítì bọ́ sí àkókò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, owó kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó wù ú láti kọ́. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Chicago nìkan ni ó fún un ní ẹ̀bùn ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, yunifásítì náà kò sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹnjiníà. Báyìí ni ó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, kò kábàámọ̀ rẹ̀ rárá, nítorí ó gbà pé ìṣirò ni ó gbé òun dé ibi tí iṣẹ́ ẹnjiníà kì bá tí gbé òun dé.

Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1937. Ó tẹ̀ síwájú lọ sí Yunifásítì Nebraska, ó gba oyè kejì ní ọdún 1939, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Illinois ní ọdún 1942. Ní Illinois yìí ni ó ti ka iṣẹ́ George Boole, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi hàn pé a lè sọ òótọ́ àti irọ́ di ohun tí a ń fi ìṣirò ṣe. Irúgbìn ni kíkà náà jẹ́, kò sì pẹ́ púpọ̀ kí ó tó hù. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ọdún 1942 kan náà, ó gbé Wanda Little níyàwó. Wọ́n wà papọ̀ títí ikú fi yà wọ́n. Hamming ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Illinois fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Louisville.

Ọdún Kan ní Los Alamos

Ní oṣù Ìgbé, ọdún 1945, Hamming fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó lọ sí Los Alamos ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Ibẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe àdó olóró átọ́míìkì ní ìkọ̀kọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bójú tó àwọn ẹ̀rọ ìṣirò IBM tí wọ́n ń lo káàdì tí a lu ihò sí, kí àwọn onímọ̀ físíìsì lè ráyè gbájú mọ́ iṣẹ́ tiwọn. Ìyàwó rẹ̀ náà dé lẹ́yìn rẹ̀, òun náà sì ń ṣe ìṣirò fún àwọn onímọ̀ ibẹ̀.

Láàárín àwọn ènìyàn bíi Hans Bethe, Enrico Fermi àti Richard Feynman, Hamming rí ara rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀gá. Kò fi èyí pamọ́ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ pé ìlara wọn jẹ òun. Ìlara náà kò sọ ọ́ di ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn láti mọ ohun tí ó mú kí iṣẹ́ wọn ta ti àwọn ẹlòmíràn yọ.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dán àdó olóró náà wò, wọ́n fún un ní ìṣirò kan láti yẹ̀ wò. Ìbéèrè tí ìṣirò náà ń dáhùn ni bóyá iná àdó náà lè ran afẹ́fẹ́ gbogbo ayé. Hamming yẹ iṣẹ́ náà wò, ó rí i pé àròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ inú rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí àwọn iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà. Wọ́n dán an wò ní ọjọ́ 16, oṣù Agẹmọ, ọdún 1945, afẹ́fẹ́ kò sì jóná. Láti ìgbà náà ni Hamming ti mọ̀ dájú pé àṣìṣe kan ṣoṣo tí ó wọlé láì kéde ara rẹ̀ lè ní àbájáde tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣẹ́ kù láti ròyìn.

Òpin Ọ̀sẹ̀ Méjì ní Ilé Iṣẹ́ Bell

Ní ọdún 1946, Hamming dara pọ̀ mọ́ ilé ìwádìí Bell, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Ibẹ̀ ni òun àti Claude Shannon, ẹni tí ó dá ìmọ̀ nípa ìfiránṣẹ́ sílẹ̀, ti jọ lo yàrá iṣẹ́ kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n wà níbẹ̀ kì í fẹ́ tẹ̀lé ìlànà àtijọ́. Ohun tí àwọn ọ̀gá kò rán wọn ni ó sábà máa ń mú orúkọ wá fún wọn.

Lára ẹ̀rọ tí ó wà ní Bell ní àkókò náà ni Model V. Irin kéékèèké tí iná ń fà pa dé tí ó sì ń ṣí, èyí tí wọ́n ń pè ní relay, ni wọ́n fi ṣe é. Irin yìí ju 9,000 lọ nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ìwọ̀n ẹ̀rọ náà sì tó tọ́ọ̀nù 10. Bí eruku bá há sí ojú irin kan ṣoṣo nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ̀nyí, ìdáhùn yóò bàjẹ́. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi fún un ní ọgbọ́n láti mọ àṣìṣe.

Ọ̀kan nínú ọgbọ́n náà rọrùn láti yé ni. Àmì márùn-ún ni wọ́n fi dúró fún nọ́ńbà kan. Méjì péré nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ 1, mẹ́ta tí ó kù yóò sì jẹ́ 0. Ọ̀nà 10 gééré ni a lè gbà mú méjì nínú márùn-ún, ó sì ṣe wẹ́kú pẹ̀lú nọ́ńbà 10 tí ó wà láti 0 dé 9. Bí àmì kan bá yí padà, iye 1 tí ó wà níbẹ̀ yóò di ẹyọ kan tàbí mẹ́ta, ẹ̀rọ yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ wà nítòsí. Bí ẹ̀rọ bá ti dúró, wọ́n á wá ibi tí ó ti bàjẹ́, wọ́n á tún un ṣe, iṣẹ́ á sì máa lọ.

Hamming kì í ṣe ọ̀gá ńlá, nítorí náà òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n fún un láàyè láti lo ẹ̀rọ náà, nígbà tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ lákòókò yẹn, ẹ̀rọ á pa iṣẹ́ tì, á sì mú iṣẹ́ ẹlòmíràn tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1947, Hamming dé ní ọjọ́ Ajé kan, ó rí i pé ẹ̀rọ ti da gbogbo iṣẹ́ òun nù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, nǹkan kan náà tún ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn sì wà tí wọ́n ń retí ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí i gidigidi. Nínú ìbínú yìí ni ìbéèrè náà ti sọ sí i lọ́kàn: ẹ̀rọ tí ó mọ̀ pé òun ti ṣàṣìṣe, kí ni ó ń dí i lọ́wọ́ láti mọ ibi tí àṣìṣe náà wà, kí ó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀?

Bí Ọgbọ́n Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè kọ́kọ́ rò, ìyẹn ni kí a kọ ohun gbogbo ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí a sì gba èyí tí méjì bá fi ẹnu kò sí. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun tí Hamming ń wá ni bí yóò ṣe fi àmì díẹ̀ kún ọ̀rọ̀, tí àmì díẹ̀ náà yóò sì tó láti fi ìka tọ́ka sí ibi àṣìṣe.

Ó ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé pé a lè fi àmì olùṣọ́ kan kún àwọn àmì yòókù, kí àròpọ̀ gbogbo 1 tí ó wà níbẹ̀ lè máa pín sí méjì láì ṣẹ́ kù. Bí àmì kan bá yí padà, àròpọ̀ á ṣẹ́ku ọ̀kan. Olùṣọ́ náà á ké pé olè ti wọlé, ṣùgbọ́n kò lè sọ yàrá tí olè náà wà. Ohun tí Hamming ṣe ni pé ó yan olùṣọ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ, ó sì jẹ́ kí agbègbè tí wọ́n ń ṣọ́ wọnú ara wọn.

Ká mú ọ̀rọ̀ tí ó ní àmì mẹ́rin. Hamming fi olùṣọ́ mẹ́ta kún un, gbogbo rẹ̀ wá di àyè méje. Àwọn olùṣọ́ wà ní àyè 1, àyè 2 àti àyè 4. Ọ̀rọ̀ gan-an wà ní àyè 3, 5, 6 àti 7. Olùṣọ́ àyè 1 ń ṣọ́ àyè 1, 3, 5 àti 7. Olùṣọ́ àyè 2 ń ṣọ́ àyè 2, 3, 6 àti 7. Olùṣọ́ àyè 4 ń ṣọ́ àyè 4, 5, 6 àti 7. Olùṣọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí i pé iye 1 tí ó wà ní agbègbè òun ṣe é pín sí méjì.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ 1011, àyè méjèèje yóò ka báyìí: 0110011. Ká ní eruku há sí ojú irin tí ó wà ní àyè 5, tí 0 ibẹ̀ fi di 1. Ẹ̀rọ yóò rí 0110111. Olùṣọ́ àyè 1 ka agbègbè tirẹ̀, ó rí 1 mẹ́ta, ó ké. Olùṣọ́ àyè 2 rí mẹ́rin, ó dákẹ́. Olùṣọ́ àyè 4 rí mẹ́ta, ó ké. Bí a bá ro nọ́ńbà àwọn olùṣọ́ tí ó ké pọ̀, 1 àti 4 jẹ́ 5. Àyè 5 gan-an ni àṣìṣe wà. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé 0 àti 1 nìkan ni ó ń bẹ, ẹni tí ó mọ àyè tí àṣìṣe wà ti mọ àtúnṣe rẹ̀: kí a yí i padà sí ìkejì rẹ̀, ó parí. Bí ó bá jẹ́ olùṣọ́ fúnra rẹ̀ ni ó bàjẹ́, òun nìkan ni yóò ké, nọ́ńbà tirẹ̀ ni yóò sì jáde.

Ẹwà ọ̀nà yìí ni pé kò sí olùṣọ́ kankan tí ó mọ ibi tí àṣìṣe wà. Bẹ́ẹ̀ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìkọ̀ọ̀kan wọn lè sọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé agbègbè wọn wọnú ara wọn létòlétò, bẹ́ẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ kọ́ mẹ́ta péré tó láti ya àyè kan sọ́tọ̀ láàárín méje.

Shannon mẹ́nu ba iṣẹ́ yìí nínú àpilẹ̀kọ ńlá tí ó gbé jáde ní ọdún 1948, ó sì pe orúkọ Hamming sí i. Marcel Golay, onímọ̀ mìíràn, rí i níbẹ̀, ó mú un gbòòrò, ó sì tẹ iṣẹ́ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1949. Ti Hamming pẹ́, nítorí pé ilé iṣẹ́ Bell fẹ́ kọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí rẹ̀. Oṣù Ìgbé, ọdún 1950 ni ó tó jáde nínú jọ́nà ilé iṣẹ́ náà.

Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Jìnnà sí Ọ̀rọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ ọdún 1950 náà ni Hamming ti ṣàlàyé èrò kan tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ títí di òní, ìyẹn ni iye ibi tí ọ̀rọ̀ méjì fi yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nítòsí. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ rìnrìn àjò, àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n. Bí ẹni tí ó ń tẹ̀wé bá ṣi àmì kan tẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ mìíràn ni yóò jáde. Ojú òǹkàwé kò ní rí àbùkù kankan níbẹ̀, àfi bí gbólóhùn tí ó yí i ká bá gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá fẹ́ kọ pẹ́pẹ́yẹ tí ó sì ṣèèṣì kọ pẹ́pẹ́kẹ, òǹkàwé yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àṣìṣe ni. Yóò sì tún un ṣe, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ ọn tó pẹ́pẹ́yẹ.

Òfin tí Hamming là sílẹ̀ nìyí. Bí ọ̀rọ̀ bá fi ibi kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ara wọn, àṣìṣe kan lè kọjá láì sí ẹni tí ó mọ̀. Bí wọ́n bá fi ibi méjì yàtọ̀, a ó mọ̀ pé àṣìṣe kan wà. Bí ó bá jẹ́ ibi mẹ́ta, a ó lè tún àṣìṣe kan ṣe. Bí ó bá di mẹ́rin, a ó lè tún ẹyọ kan ṣe, a ó sì lè mọ̀ nígbà tí méjì bá ṣẹlẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ àmì olùṣọ́ ni láti ti àwọn ọ̀rọ̀ jìnnà sí ara wọn.

Láti Ojú Irin dé Inú RAM

Kò pẹ́ tí ọgbọ́n yìí fi kúrò lára irin relay tí ó wọ inú ìrántí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ Stretch tí ilé iṣẹ́ IBM gbé jáde ní ọdún 1961 fi àmì olùṣọ́ 8 kún gbogbo àmì ìrántí 64, ó sì lè tún àṣìṣe kan ṣe, kí ó sì mọ̀ bí méjì bá wà. Òǹkà 64 àti 8 yìí, tí ó jẹ́ 72, ni irú RAM tí ń tún ara rẹ̀ ṣe ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà.

Ìdí tí a fi nílò rẹ̀ túbọ̀ hàn ní ọdún 1978, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ Intel fi hàn pé ìtànṣán tín-ń-tín tí ó ń jáde láti ara ohun tí wọ́n fi bo RAM lè yí 0 padà sí 1 láì ba ohunkóhun jẹ́. Irú àṣìṣe yìí a máa wá, a sì máa lọ. Ó yàtọ̀ sí ti ojú ihò tí ó ti bàjẹ́, èyí tí ó máa ń padà sí ibi kan náà lọ́jọ́ gbogbo.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ó wà ní ilé àti ilé ẹ̀kọ́ ni kò ní RAM tí ó ní olùṣọ́. DDR5, irú RAM tuntun, ní àtúnṣe nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà kò kọjá inú RAM. Kò ṣọ́ ojú ihò àti ọ̀nà tí ó ti ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ń tún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ṣe ni yóò ṣe iṣẹ́ olùṣọ́ fúnra rẹ̀.

Ọgbọ́n Hamming Lójú Ihò RAM

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan inú kọ̀ǹpútà, ó gbọ́dọ̀ pa á, kí ó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì ìtanná fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí iná tí ó ṣẹ́ kù lè tán. Kí ó fọwọ́ kan irin ara àpótí ẹ̀rọ náà, nítorí iná tí ó wà lára ènìyàn lè ba RAM jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ RAM, yóò fẹ́ eruku kúrò nínú ihò, yóò nu ojú wúrà RAM náà, yóò sì tún un kì títí tí ìdè ẹ̀gbẹ́ ihò yóò fi há. Ọ̀pọ̀ àbùkù ni ó ń parí síbi yìí, nítorí pé RAM náà kò jókòó dáadáa ni.

Bí kò bá parí, ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Ká ní RAM méjì wà, A àti B, pẹ̀lú ojú ihò méjì, 1 àti 2. RAM kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdánwò mẹ́rin ni yóò wáyé: A nínú ihò 1, A nínú ihò 2, B nínú ihò 1, B nínú ihò 2. Ìdánwò kan ṣoṣo dà bí olùṣọ́ kan ṣoṣo: ó lè ké, kò lè tọ́ka. Bí A bá kùnà nínú ihò 2, kò sí ẹni tí ó lè dá A lẹ́bi tàbí dá ihò 2 lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí A bá kùnà nínú ihò méjèèjì, tí B sì ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, RAM A ni ó bàjẹ́. Bí A àti B bá kùnà nínú ihò 2, tí àwọn méjèèjì sì ṣiṣẹ́ nínú ihò 1, ọwọ́ ti tẹ ihò 2. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ó ṣeé ṣe kí àbùkù náà wà níbòmíràn, tàbí kí ó ju ẹyọ kan lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì kọ àbájáde ìdánwò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ẹ̀rọ tàn nìkan kò tó ẹ̀rí. Ó dára kí a lo ètò ìdánwò ìrántí bíi MemTest86, kí a sì jẹ́ kí ó parí iṣẹ́ rẹ̀. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù tí ó ní ihò mẹ́rin, ìwé ìlànà rẹ̀ yóò sọ ihò tí ó yẹ kí RAM kan ṣoṣo kọ́kọ́ wọ̀.

Kódà nígbà tí ẹ̀rí bá tọ́ka sí ihò, kò tíì yẹ kí a dájọ́ ikú fún mọ́dábọ́ọ̀dù. Nínú kọ̀ǹpútà òde òní, inú ọpọlọ ẹ̀rọ gan-an ni ohun tí ó ń darí RAM wà. Bí irin tín-ń-tín kan bá tẹ̀ lábẹ́ ọpọlọ náà, tàbí bí wọ́n bá de ohun tí ń mú un tutù le jù, ihò kan lè dà bí òkú nígbà tí kò sí àrùn lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá yẹ ibẹ̀ wò tí kò rí nǹkan ni ó lè fi ihò náà sílẹ̀ ní òfìfo, kí ó sì máa lo èyí tí ó kù.

Olùkọ́ Títí Dé Òpin

Ọgbọ̀n ọdún ni Hamming lò ní Bell. Ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà fún un ní Ẹ̀bùn Turing, èyí tí ó ga jù nínú ìmọ̀ náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà IEEE dá àmì ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fún, ní ọdún 1988.

Ìwà rẹ̀ kò rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ó máa ń bi àwọn onímọ̀ mìíràn nípa ìṣòro tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìmọ̀ wọn. Bí wọ́n bá dáhùn, ó máa ń bi wọ́n léèrè ìdí tí kì í fi í ṣe òun ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Àwọn kan kò fẹ́ kí ó jókòó tì wọ́n mọ́. Ó ń bi ara rẹ̀ náà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ó sì ya ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì sọ́tọ̀ fún ríronú nípa ohun ńlá nìkan.

Ní ọdún 1976 ó fi Bell sílẹ̀, ó sì padà sí iṣẹ́ olùkọ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Monterey, ìpínlẹ̀ California. Fún nǹkan bí ogún ọdún ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1997. Oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 1997 kan náà ni ó kọ́ni kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 7, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1998, ó jáde láyé ní Monterey, lẹ́ni ọdún 82.

Ìkádìí

Ohun tí ìgbésí ayé Hamming fi lé olùkọ́ lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Olùkọ́ tí ó fa igi pupa sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sì kọ òdo sí i ti ṣe bíi ti ẹ̀rọ Model V ní òpin ọ̀sẹ̀: ó rí àṣìṣe, ó sì ju iṣẹ́ náà nù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọkọ́ dípò ọkọ̀ lè jẹ́ ẹni tí etí rẹ̀ kò tíì mọ ohùn, ó lè jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ ohùn ṣùgbọ́n tí kò mọ àmì, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó kánjú. Àṣìṣe kan náà ni ojú rí, ibi mẹ́ta ni ó lè ti wá. Ìbéèrè kan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí olùkọ́ pè é kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́. Kí ó kọ ọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á. Kí ó fún un láyè kí ó tún iṣẹ́ ara rẹ̀ yẹ̀ wò. Níbi tí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé ni àrùn wà, ibẹ̀ sì ni kí a gbé oògùn lọ.